Ẹni Tó Ń Gbé Irin, Má Fi Ẹ̀fọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Zuba tí ẹ ń gbé irin déédéé, òótọ́ ni pé oúnjẹ amúaradàgbà ló ń tún iṣan ṣe. Ẹni tó wọn kílò 70 lè nílò gíráàmù 84 lójúmọ́. Ẹyin kan kò sì ní ju bíi 6 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹran àti ẹyin bá gba gbogbo àwo, ìgbẹ́ yóò ṣòro í yà, owó yóò sì tán. Ẹ fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran nígbà mìíràn, kí tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ gba ìdajì àwo. Ọjà èso wa kò jìnnà: ọsàn tí a bá jẹ tẹ̀ lé ẹ̀wà a máa jẹ́ kí ara rí èròjà tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.