Kí A Má Tìtorí Ìró Gẹ̀ẹ́sì Pa Ìtumọ̀ Ẹsẹ Ifá



Àṣà kan ń gbilẹ̀ láàárín àwa tí à ń túmọ̀ ẹsẹ Ifá sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí olùtumọ̀ bá ti kọ ìlà kan tán, yóò máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìparí rẹ̀ dún bí ìparí ìlà àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè jọ ewì létí àwọn tí ó gbọ́ èdè náà. Èrò rere ni ó wà nídìí rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí Ifá dùn létí àjèjì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àṣà náà ń ba ẹsẹ Ifá jẹ́, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bára dún. Ọ̀rọ̀ méjì bára dún bí fáwẹ́lì tí a tẹnu mọ́ nínú wọn, àti gbogbo ìró tí ó tẹ̀ lé e, bá jẹ́ ọ̀kan náà. Etí ni onídàájọ́, kì í ṣe ojú. “Cough” àti “though” jọra lójú ìwé, wọn kò sì dún bákan náà. “Shoe” àti “through” kò jọra lójú ìwé, síbẹ̀ ìparí wọn bára mu. Wíwá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ìdí nìyí tí John Walker fi tẹ ìwé atúmọ̀-èdè kan jáde ní 1775, tí ó to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ìparí wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ẹgbẹ́ púpọ̀. “Month”, tí í ṣe oṣù, kò ní ẹgbẹ́ kan tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Bí olùtumọ̀ bá fi “death”, ikú, parí ìlà, “breath”, èémí, ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ náà lè má dárúkọ èémí rárá. Bí ó bá fi “head”, orí, parí ìlà, “bread”, “bed” àti “dead” ni yóò máa pè é. Bí ó bá sì fi “sacrifice” túmọ̀ ẹbọ, “paradise” ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọgbà ìdùnnú tí ẹ̀sìn mìíràn ń kọ́ni ni “paradise”. Kì í ṣe ọ̀run tí a ti yan orí wá sáyé, níbi tí àwọn baba ńlá wa wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a torí ìró mú wá ti gbé ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ wọlé Ifá. Ìró di ọ̀gá, ìtumọ̀ di ẹrú.

Ẹsẹ Ifá ní ẹwà tirẹ̀. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, fáwẹ́lì àìránmúpè wa kò sì ju 7 lọ. Nítorí náà, kí ìparí ọ̀rọ̀ méjì jọra kò ṣòro lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tí yóò torí rẹ̀ pe ènìyàn ní akéwì. Ohùn ni a fi ń dárà. Igbá, ìgbà, igba àti igbà: lẹ́tà kan náà ni, ohùn àti ìtumọ̀ wọn ni ó yàtọ̀. Babaláwo a máa tún gbólóhùn wí, a máa fi ohùn òkè dáhùn ohùn ìsàlẹ̀, a sì máa fa iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe yọ láti inú orúkọ rẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó jinlẹ̀ jù. Ẹ wo orógbó: inú orúkọ rẹ̀ ni “gbó” wà, ọ̀rọ̀ tí a fi ń wúre kí ènìyàn pẹ́ láyé. Ẹ wo obì: “bì” wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi ń bi ibi sẹ́yìn. Ìró ni ó so ohun ẹbọ mọ́ ire tí à ń wá. Òun ni ó ń sọ ìdí tí a fi ń lo nǹkan náà. Gẹ̀ẹ́sì wá pe orógbó ní “bitter kola”. Ọjọ́ gbọọrọ ti sá lọ, ìkorò nìkan ni ó kù. Bí a bá wá “glitter” kún un, kò lè dá “gbó” padà.

Àwọn olùfọkànsìn ní Kúbà mọ iyì ìró yìí. Títí di òní, èdè Lucumí, tí ó ti inú Yorùbá wá, ni wọ́n fi ń kọrin sí òrìṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ nínú ilé.

Ẹnì kan lè wí pé ìró ìparí ń jẹ́ kí ọmọdé tètè há ọ̀rọ̀ sórí. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó fi ẹ̀kọ́ Ifá kọ orin Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kí ó má ṣáà pè é ní ẹsẹ Ifá. Ẹni tí ó wà lókèèrè, tí kò gbọ́ Yorùbá, ìtumọ̀ wa ni yóò fi mọ ẹbọ tí Ifá yàn àti ohun tí Ifá kà léèwọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi adùn ṣì í lọ́nà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sọ pé láìsí ìró ìparí kò sí ewì. Milton kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú *Paradise Lost* ní 1667. Sáàmù inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kò lò ó. Gbólóhùn tí ń dáhùn gbólóhùn ni ó gbé e ró, èyí tí ó súnmọ́ ìṣe Ifá ju ìró ìparí lọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Ọ̀nà ti wà nílẹ̀. William Bascom ní 1969 àti Wándé Abímbọ́lá ní 1975 tẹ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sínú ìwé kan, wọn kò sì wá ìró ìparí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀: kí Yorùbá dúró pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní ìlà tí ó mọ́ gaara. Kí a má gé àwítúnwí, kí a má yọ orúkọ awo tí ó dífá, níbi tí orúkọ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, kí a ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí òǹkàwé bá pe Yorùbá náà jáde lẹ́nu, yóò gbọ́ adùn tí a kò lè kó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí Ifá gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.