ADÚÀ TÍ KÒ YÉ ALÁDÚÀ

Láti Bódìjà dé Challenge, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ sí Hájì ní í mú ìwé kékeré tí ó pín adúà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìrọ́kirika Káábà méjèèje lọ́wọ́. Ta ni ó pín in? Kì í ṣe Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àáyà 201 nínú Súrátul-Baqarah, láàárín Igun Yámánì àti Òkúta Dúdú. Lẹ́yìn èyí, kí oníkálukú tọrọ ohun tí ó ń fẹ́, ìbáà ṣe ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ń gbe ọ̀rọ̀ tí kò yé e lẹ́yìn afinimọ̀nà, kí ni ó tọrọ? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ òbí yín ní ìtumọ̀ Labbaika kí wọ́n tó wọ bàálù. Ó sàn ju aṣọ ẹbí wálímà lọ.