Ojú Ènìyàn Kì í Ṣe Ògiri

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ń sanwó láti kọ́ ní Èkó lóde òní: iṣẹ́ ojú kíkun fún fọ́tò inú ìwé oge. N kò bá wọn wíjọ́ pé wọ́n ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì lè bọ́ ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn olùkọ́ wọn ni mo bá ní ẹjọ́, nítorí pé ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ni kì í ṣe iṣẹ́ náà rárá. Bí a ti ń pa ojú ènìyàn rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni. Ògiri ni a máa ń kun lọ́dà láìbi í léèrè irú ẹni tí ó jẹ́.

Mo ti rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọ tí ó dúdú yóò jókòó. Olùkọ́ yóò mú fáńdéṣàn tí ó mọ́ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ, yóò fi bo ojú rẹ̀ títí dé ọrùn, yóò fa ìlà dúdú sí ẹ̀gbẹ́ imú kí imú náà lè dà bí ẹni pé ó tín-ínrín, yóò sì fi àtíkè funfun lé abẹ́ ojú. Nígbà tí ó bá parí, ojú ọmọ náà kò ní yàtọ̀ sí ojú gbogbo àwọn tí ó ti jókòó lórí àga náà ṣáájú rẹ̀. Bí èyí bá tẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ́rùn ní ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀, n kò ní í bá a jà. Ṣùgbọ́n èwo ni ti pípe irú èyí ní iṣẹ́ àtinúdá?

Fọ́tò ìwé oge kì í ṣe fọ́tò ìrántí. Ìtàn ni. Olóòtú, ayafọ́tò, aránṣọ, onídìrí àti ẹni tí ń kun ojú yóò forí korí lórí ohun tí àwòrán náà yóò sọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní kí ojú náà ní àwọ̀ aró láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ní ìdí; bí wọ́n bá ní kí a má fi nǹkan kan kún òróró, ó ní ìdí pẹ̀lú. Nítorí náà, wíwò ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́kọ́ kọ́: bí egungun ojú ti rí, àti bóyá pupa bí osùn ni ó fara pamọ́ sábẹ́ dúdú awọ náà tàbí pupa rúsúrúsú. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ki ènìyàn ní adúmáadán mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Awọ dúdú a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà níbi tí egungun ti yọ, dídán yìí sì ni ayafọ́tò tí ó mọṣẹ́ fi ń gbé ojú yọ bí ère tí agbẹ́gilére gbẹ́. Ẹni tí ó fi àtíkè pa á ti ba iṣẹ́ jẹ́. Àtíkè tí ó bá sì ní zinc oxide tàbí titanium dioxide nínú lè funfun bí eérú lójú adúláwọ̀ bí iná kámẹ́rà bá ti kọ mọ̀nà.

Wọ́n á ní kámẹ́rà kì í purọ́. Ó ti purọ́ mọ́ wa rí. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Kodak ti ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún àwọn tí ń fọ fọ́tò. Ohun tí ó bá bá Shirley mu ni ó tọ́. Adúláwọ̀ a wá di òjìji tí ojú àti eyín nìkan ń hàn. Nígbà tí wọ́n máa tún fíìmù náà ṣe, ẹ̀hónú àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń ṣe àga onígi wà lára ohun tí ó sún wọn débẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kí adúláwọ̀ tó wọ inú káàdì náà. Ó sì di 2017 kí Fenty Beauty ti Rihanna tó gbé oríṣi àwọ̀ fáńdéṣàn 40 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi sáré tẹ̀lé e. Irinṣẹ́ ni ó ní àbùkù, kì í ṣe àwa. Kí wá ni olùkọ́ kan ní Èkó ń wá tí ó fi ń tún ojú wa ṣe kí ó lè bá Shirley mu, nígbà tí àwọn tí ó ni Shirley gan-an ti pa á tì?

Wọ́n á tún ní ohun tí ọjà ń fẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Pat McGrath, ọmọ obìnrin ará Jàmáíkà tí ó ṣí wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan; ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ wíwo àwọ̀ àti aṣọ. Ní 2021 ni a fi oyè Dame dá a lọ́lá. Laolu Senbanjo, agbẹjọ́rò tí a bí ní Ìlọrin, fi ọ̀dà funfun ya àmì tí ó ti inú àṣà Yorùbá jáde sára àwọn oníjó nínú Lemonade ti Beyoncé ní 2016. Funfun náà kì bá tí yọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ pa awọ dúdú náà dà.

Àwa náà ní osùn, làálì, ẹfun àti tìróò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ra tìróò ọjà sójú ẹlòmíràn, nítorí òjé wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìrísí rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí tí a fi ń kun osùn fún ìyàwó àti ọmọ ìkókó ní ohun tí yóò gbé wá síwájú olóòtú èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti fi búrọ́ọ̀ṣì sọ fún lójoojúmọ́ pé àwọ̀ rẹ̀ dú jù, kò jìnnà mọ́ sí ìpara tí ń bó ara, èyí tí mákúrì inú òmíràn nínú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùkọ́ fi fọ́tò obìnrin tí ó dúdú jù lọ nínú àwọn tí ó ti kun lójú hàn yín, ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ mọ́, ẹ mú owó yín padà sílé.