Ẹ Yé Pín Amọ̀ Dọ́gba

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹsẹ̀ rìgì ṣe ń wọlẹ̀ lábẹ́ òkun, ẹ yé ro agbára amọ̀ líle pọ̀ mọ́ ti rírọ̀ kẹ́ ẹ wá pín in dọ́gba. Irọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń pa.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, rìgì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń fa omi sínú kó lè wúwo, kí spudcan abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rinlẹ̀. Bí amọ̀ líle bá wà lórí èyí tó rọ̀, ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbà á, á wá já lójijì. Ẹsẹ̀ kan á rì, rìgì á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn sì wà lórí ẹ̀ o! Ọmọ Ìsarà tó bá ti tẹ àbàtà tó gbẹ lójú rí kò nílò Abaqus kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Amọ̀ onípele kan, ìlà tó ń gòkè nìkan ló máa yà fún yín.

Ohun tí Odò Ọya kó sí etíkun wa kì í ṣe irú kan: amọ̀, yanrìn, amọ̀ mìíràn. Wọ́n ní onípele méjì ń pẹ́ jù lórí kọ̀ǹpútà. Kó pẹ́! Ẹni tó bá tako mi, kó gbé ìlà tirẹ̀ wá síbí, ká jọ wò ó.