Ọ̀dà Kọ́ Ni Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa, owó kọ́ọ̀pù tí a fi òógùn kó jọ kì í ṣe owó ọ̀dà. Síbẹ̀, à ń yá a láti ra Golf tòkunbọ̀ tó ń dán, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó. Wọ́n á ní owó rẹ̀ kéré. Oúnjẹ ọmọ wa la ó fi san ìyókù!

Kí wọ́n má mú ẹ́ńjìnnì gbóná dè yín. Ní tútù ni kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ níṣojú yín. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ọ́ìlì tó rí bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́.

Mẹ́káníìkì wà láàárín wa. Kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí owó ọkọ̀ kankan títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.