Àwọn Awakọ̀ Òfurufú Tí Kì Í Gbowó Oṣù

Bí ọkọ̀ òfurufú kékeré bá já sínú igbó tàbí sórí òkè ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe sọ́jà ló máa ń wá a kiri láti ojú òfurufú. Olùkọ́, mẹkáníìkì, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó mọ bàálù wà ni wọ́n máa ń pa iṣẹ́ oòjọ́ wọn tì, tí wọ́n á sì gbéra. Civil Air Patrol ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọ̀wẹ̀ jẹ́ kò ní í pẹ́ lóye ẹgbẹ́ yìí, àfi pé ojú sánmọ̀ ni oko tí wọ́n ń ro, kò sì sí iyán àti ẹmu lálẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ń san owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń ra aṣọ iṣẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àwọn ará Japan kọlu Pearl Harbor. Gill Robb Wilson, ará New Jersey, ló gbé àbá náà kalẹ̀. Fiorello La Guardia, olórí ìlú New York tó tún ń darí ètò ààbò ará ìlú nígbà náà, ló fọwọ́ sí i.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ti ń ri ọkọ̀ epo Amẹ́ríkà lọ́tùn-ún lósì lẹ́bàá etíkun. Bàálù àwọn ológun kò tó nǹkan. Làwọn ará ìlú bá gbé bàálù tara wọn, ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tí kò ṣeé bà sórí omi, wọ́n forí lé òkun. Dọ́là 8 lójúmọ́ ni awakọ̀ ń gbà, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àti ilé ìsùn rẹ̀ wà. Kí iṣẹ́ etíkun náà tó parí nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1943, èèyàn 26 ti bá a lọ, bàálù 90 sì ti ṣòfò.

Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ pé ẹgbẹ́ yìí ri ọkọ̀ abẹ́ omi méjì. Àwọn òpìtàn tó tú ìwé àwọn Jámánì wò lẹ́yìn ogun kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ tó ti dùn tẹ́lẹ̀. Bí bàálù bá ti yọ lókè, ọ̀tá á rì sísàlẹ̀ omi láti sá pamọ́, ọkọ̀ epo á sì rí àyè kọjá. Ìyẹn nìkan ti tó ìyìn.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbẹ́yìn. Willa Brown, obìnrin awakọ̀ òfurufú ní Chicago, ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó di ọ́físà nínú ẹgbẹ́ náà, lọ́dún 1942, lásìkò tí àwọn ológun ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ilé ẹ̀kọ́ òun àti Cornelius Coffey wà lára ibi tí àwọn kan nínú awakọ̀ ogun Tuskegee ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́.

Lọ́dún 1946, Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin tó sọ iṣẹ́ wọn di ti àánú nìkan, láìsí ìjà mọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n di igbákejì iléeṣẹ́ ológun òfurufú. Èèyàn mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú bàálù tó bá ń wá ẹni tó sọnù. Ọ̀kan ń wà á, méjì ń fojú wá ilẹ̀. Bàálù á rọra máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni ń kọ ebè. Ojú a máa ro èèyàn, oorun a sì máa kun ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ lè fo ẹni tó ń ṣẹ́wọ́ sí i nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tí wọ́n ti dá gbogbo bàálù lásán dúró, bàálù wọn ló lọ ya fọ́tò ibi tí ilé àwòṣífìlà New York wó sí. Nígbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020, wọ́n ń gbé ìbòmú àti ohun èlò àyẹ̀wò kiri.

Àwọn kan wá ń sọ pé drone ti dé, pé kí ni wọ́n tún ń fi àgbàlagbà wá kiri lókè sí. Ọ̀rọ̀ náà kò jinlẹ̀ tó. Drone wúlò, ẹgbẹ́ náà gan-an ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí omíyalé bá bo ìpínlẹ̀ odindi, kì í ṣe ẹ̀rọ ló máa wọ́n jù, bí kò ṣe ẹni tó ti kọ́ṣẹ́, tó mọ agbègbè náà, tó sì máa dáhùn bí wọ́n bá pè é lóru. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀fẹ́ kọ́ ni iṣẹ́ yìí fún ìjọba. Owó ìlú ló ń ra bàálù àti epo. Kí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà má ṣe fi ojú pé àwọn èèyàn yìí kì í gbowó gé owó náà kù.

Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Ilé Aṣòfin náà tó gbé àmì ẹ̀yẹ wúrà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó sìn nígbà ogun náà, ọdún 71 lẹ́yìn tí iṣẹ́ etíkun parí. Ọ̀pọ̀ wọn ti wọ káà ilẹ̀. Àwọn tó ń fò lóde òní ṣì wà láàyè, orúkọ wọn ò sì ṣòro láti rí.