Nọ́ọ̀sì tó gboyè dókítà: kí ni ká máa pè é?

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn dé ọsibítù rí yóò mọ eléyìí. Bí ọkùnrin bá ti wọ aṣọ funfun, kódà kó jẹ́ nọ́ọ̀sì, "dókítà" làwọn èèyàn máa pè é. Bó bá jẹ́ obìnrin ló yọ, ìbáà jẹ́ òun gan-an ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ, "nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ o" ni wọ́n á máa wí. Ojú lásán ni wọ́n fi ń fún èèyàn lóyè.

Àmọ́ oyè kan wà tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń gbà á. Láti ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gba dìgírì. Àwọn kan ò dúró síbẹ̀, wọ́n kàwé títí wọ́n fi gba PhD. Nínú ọgbà yunifásítì, Dókítà Lágbájá ni wọ́n ń jẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ìgbà tí orúkọ yẹn bá wọ wọ́ọ̀dù ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn dókítà oníṣègùn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lóṣù keje ọdún 2014 tí ẹgbẹ́ wọn, NMA, daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọ́n ń pe ẹni tí kì í ṣe dókítà ní "consultant". Wọ́n ní ìyẹn á da àṣẹ rú ní ọsibítù. Oṣù yẹn náà ni Ebola wọ Èkó. Ebola ò bèèrè oyè o: ó pa Dókítà Ameyo Adadevoh, ó sì pa nọ́ọ̀sì.

Ìjà náà wà l'Amẹ́ríkà, níbi tí nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ní California, nọ́ọ̀sì kan tó gboyè dókítà ń pe ara rẹ̀ ní dókítà fáwọn aláìsàn. Lọ́dún 2022, ó gbà láti san owó ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 dọ́là. Lọ́dún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn gbé ìjọba ibẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí orúkọ yìí kan náà.

Ta ló wá jàre? Nínú èdè Látìnì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, olùkọ́ ni dókítà. Kódà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "Místà" ni wọ́n ń pe dókítà oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn ò sì bu iyì rẹ̀ kù. Nítorí náà, kì í ṣe oníṣègùn nìkan ló ni orúkọ yìí.

Ṣùgbọ́n aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́ Látìnì. Bó bá gbọ́ "dókítà", ẹni tó máa yẹ òun wò, tó máa kọ oògùn, tó lè la ikùn òun ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Kí ló wá le níbẹ̀? Kí nọ́ọ̀sì náà sọ méjèèjì pọ̀: "Dókítà Lágbájá lorúkọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí." Kí wọ́n kọ "nọ́ọ̀sì" gàdàgbà sí àyà rẹ̀. Kí ìjọba náà má fi orúkọ nìkan tàn án: ẹni tó gba PhD tó padà sí wọ́ọ̀dù, kó hàn nínú ipò rẹ̀, kó hàn nínú owó oṣù rẹ̀. Oyè tí kò dé inú àpò, ariwo ẹnu lásán ni.